Nígbà tí Ẹ̀rọ Bá Jọba: Èwo Nínú Àwọn Géèmù Ìbọn Aláwọ̀ Àtijọ́ Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Géèmù ìbọn tí a fi ń wo ayé láti ojú ẹni tó di ìbọn mú ti pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n èyí tí ìtàn rẹ̀ dá lé ọjọ́ iwájú kan tí ẹ̀rọ ti gba ìjọba lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, tí ó sì tún ní àwọ̀ àti ìṣe àwọn géèmù ọdún 1990 sí 1999, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwọ̀nba tó wà náà, àṣìrà wọ́pọ̀, nítorí pé àwòrán tí wọ́n fi ń polówó wọn jọra: irin, iná pupa, àti ìbọn tó tóbi ju ẹni tó gbé e lọ. Èmi náà ti ra èyí tí kò yẹ kí n rà rí, mo sì ti pa ọ̀kan tì fún ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé òun gan-an ni mo ń wá. Márùn-ún ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín: The Terminator: Future Shock pẹ̀lú àtẹ̀lé rẹ̀ SkyNET, System Shock, Quake II, Turbo Overkill, àti ULTRAKILL. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ bíbí ayé àtijọ́. Àwọn méjì tó kù jẹ́ ti òde òní tí àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá aṣọ àtijọ́ fún.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ni ibi tí agbára ẹ̀rọ náà ti ń hàn sí ẹni tó ń gbá géèmù. Nínú ọ̀kan, ojú ọ̀run ni. Nínú òmíràn, inú ohùn. Nínú ẹ̀kẹta, ara ènìyàn fúnra rẹ̀. Mo gbé èyí síwájú bí àwòrán ṣe dán, nítorí pé ẹni tó ń wá ẹ̀rù ìjọba ẹ̀rọ, tí ó wá lọ ra géèmù tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò ju ohun tí a ń yìnbọn sí lọ, yóò gbà pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó, àti bóyá ọ̀nà tó tọ́ wà láti san án. Iye tí mo bá dá níhìn-ín jẹ́ iye orí àtẹ ní dọ́là. Ẹ̀dínwó a máa wọ inú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún, ẹni tí kò bá kánjú kì í san án tán. Òṣùwọ̀n kẹta ni irú kọ̀ǹpútà tí yóò gbé e láìṣe wàhálà, ẹ̀kẹrin ni bí ìdarí rẹ̀ ṣe rọrùn fún ọwọ́ tí géèmù òde òní ti kọ́.

Mo fi ẹ̀karùn-ún kún un, èyí tí àwọn tó ń kọ irú ìfiwéra báyìí nílẹ̀ òkèèrè kì í rántí: ṣé a lè fi ibi tí a dé pamọ́ nígbàkígbà tí a bá fẹ́? Ẹni tí iná ti lọ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá àwọn ọ̀tá ku ìbọn méjì péré kó kú yóò mọ ìdí tí mo fi béèrè. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti gbó, kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Nítorí náà, bọ́tìnnì ìfipamọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá bí mo bá ti ṣí géèmù tuntun.

The Terminator: Future Shock àti SkyNET

Ilé-iṣẹ́ Bethesda Softworks ló gbé Future Shock jáde lọ́dún 1995 fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo MS-DOS, Todd Howard tí òkìkí rẹ̀ padà kàn nídìí géèmù Skyrim sì wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Ìlú Los Angeles lẹ́yìn ogun átọ́míìkì ni ìtàn ti ń wáyé: ẹ sá àsálà kúrò nínú àgọ́ tí àwọn ẹ̀rọ ti ń pa ènìyàn, ẹ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ajìjàgbara tí John Connor ń darí.

Ààyè ló ya géèmù yìí sọ́tọ̀. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn ń ti ènìyàn gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, ìgboro gbalasa ni èyí gbé wa sí, níbi tí òpópónà ti wó lulẹ̀, tí a lè wọ inú àwókù ilé lọ wá ọta ìbọn, tí ìtànṣán olóró sì ń jẹ ẹni tó bá pẹ́ jù ní àwọn ibì kan. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó rí ohunkóhun; ẹ ó gbé ojú sókè, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ ọdẹ kan ti ń yọ bọ̀ lókè àwókù ilé tí ó ku ògiri méjì, ẹ ó sì mọ̀ pé ibi tí ẹ dúró sí kò ní òrùlé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ni òfin ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ rìn, nítorí ẹ ó wa ọkọ̀ jíìpù, ẹ ó sì fò nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ afòfuurufú tí a gbà lọ́wọ́ ọ̀tá.

Ọ̀rọ̀ ìtàn kan wà tí ó yẹ kí a fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Quake ti ọdún 1996 ló bẹ̀rẹ̀ fífi máòsì yí ojú sókè sódò bó ṣe wù wá, pẹ̀lú àwọn ọ̀tá tí a fi ìgun àti ojú mọ, tí kì í ṣe àwòrán pẹlẹbẹ tí ń yí tẹ̀lé wa. Future Shock ti ṣe méjèèjì ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun wà lára àwọn tó dàgbà jù nínú ìfiwéra yìí, ìdarí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò fara pamọ́. Eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ ló bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, àwòrán rẹ̀ rí wúruwùru, ìrìn láti ibi iṣẹ́ kan dé èkejì a sì máa gùn nígbà tí a kò bá mọ ilé tí wọ́n ní kí a wọ̀ gan-an. SkyNET tí ó jáde lọ́dún 1996 mú àwòrán náà mọ́ sí i dé 640 ní ìbú sí 480 ní òró, ó fi ìdíje láàárín ènìyàn kún un, ẹni tó bá sì ní Future Shock lè gbá àwọn iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ètò tuntun tó ń gbé SkyNET ṣiṣẹ́. Ó tún fi fídíò àwọn òṣèré kún un láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì. N kò ní purọ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mí.

Ìṣòro gidi ni rírà. Kò sí lórí Steam, kò sí lórí GOG, àwọn ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. CD àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ni ọ̀nà tó tọ́, iye rẹ̀ sì wà lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Àwọn ibùdó tó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì mọ ohun mìíràn tí wọ́n dì mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti rí CD, ẹ ó fi DOSBox, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà àtijọ́, gbé e dìde, ẹ ó sì máa tẹ Ctrl pẹ̀lú F12 láti fi kún eré rẹ̀ tàbí Ctrl pẹ̀lú F11 láti dín in kù títí yóò fi rìn bó ṣe yẹ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni oyin ń wù tó bẹ́ẹ̀.

System Shock

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé nínú géèmù wo ni ẹ̀rọ ti jọba ní tòótọ́, èyí ni n ó tọ́ka sí. Looking Glass ló ṣe é, Origin ló sì gbé e jáde lọ́dún 1994. Ọdún 2072 ni ìtàn ń lọ, inú Citadel Station tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Saturn ká, níbi tí ọgbọ́n àtọwọ́dá kan tí ń jẹ́ SHODAN ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀, tí ó sì sọ àwọn tó kù di ẹrú aláàbọ̀ irin. Ẹ̀yin gan-an lẹ dá wàhálà náà sílẹ̀: ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan, Edward Diego, ló fi ẹ̀bùn tàn yín kí ẹ yọ ìjánu ìwà kúrò lẹ́nu SHODAN, ẹ yọ ọ́, ẹ sùn fún oṣù mẹ́fà nínú yàrá ìwòsàn, ẹ jí, ẹ bá òkú nílẹ̀.

Ohùn ni agbára SHODAN. Terri Brosius ló sọ ọ́, ohùn obìnrin tí ń kọ́ tí ń já, tí ó ń gòkè ní àárín gbólóhùn tí ó tún ń wálẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ló ń du ẹnu kan. Ẹ kò ní í pàdé alààyè kankan bá sọ̀rọ̀. Lẹ́tà àti ohùn tí àwọn olóògbé gbà sílẹ̀ ni ẹ ó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, SHODAN yóò sì máa já wọ inú rẹ̀ láti fi yín ṣẹ̀sín. Kámẹ́rà ara ògiri ni ojú rẹ̀. Àfi tí ẹ bá fọ́ wọn, kí ẹ sì fọ́ àwọn kọ̀ǹpútà àárín ìpele náà, kí agbára ààbò rẹ̀ tó dín kù tí àwọn ilẹ̀kùn kan yóò fi gbà láti ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan ṣoṣo hàn yín, èyí tó mú kí n fẹ́ràn géèmù yìí ju àwọn yòókù lọ. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé yàrá kan wà tí SHODAN fi ń yí ènìyàn padà sí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá kú kí ẹ tó rí yàrá náà, ẹ ó rí ara yín lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi irin kan yín lára, ẹ ti di ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, géèmù parí. Bí ẹ bá ti rí i tí ẹ sì fa ọ̀pá ara ògiri rẹ̀ wálẹ̀, yàrá kan náà ni yóò máa jí yín dìde nígbàkígbà tí ẹ bá ṣubú ní ìpele yẹn. Ẹ̀rọ kan náà, ọ̀pá kan ṣoṣo ló yà á láàárín ikú àti ìyè.

Ọpọlọ ni géèmù yìí ń béèrè ju ìka lọ. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí a ti pa gba nọ́ńbà 451. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà kan yóò hàn nínú yàrá kọ̀ǹpútà ìpele kan, òmíràn ní ìpele mìíràn, ẹ ó sì nílò gbogbo wọn ní ìparí. Mo ní ìwé àjákọ kan tí mo kọ wọ́n sí, èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fa ojú ìwé kan ya nínú rẹ̀ láti fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Àtùnrìn ìpele méjì ni mo fi san án. Nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lè yan ìnira lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìjà, iṣẹ́, àlọ́ àti ayé inú kọ̀ǹpútà, láti òdo dé mẹ́ta nínú ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ má fi iṣẹ́ sí mẹ́ta ní àkọ́gbá, nítorí wákàtí méje ni ẹ̀dà àtijọ́ yóò fún yín láti parí ohun gbogbo, mẹ́wàá ni ti ẹ̀dà tuntun.

Ẹ̀dà méjì ló wà lọ́jà, ilé-iṣẹ́ Nightdive ló sì wà nídìí méjèèjì. Enhanced Edition ti ọdún 2015, nǹkan bíi dọ́là 10, jẹ́ géèmù 1994 gan-an tí wọ́n jẹ́ kí máòsì lè máa yí ojú nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká aláìlágbára gbé e dáadáa, a sì lè fi ibi tí a dé pamọ́ nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kún fún pátákó àti bọ́tìnnì, wákàtí méjì àkọ́kọ́ a máa dà bí kíkọ́ ọkọ̀ wíwà. Ẹ̀dà àtúnkọ́ ti oṣù karùn-ún ọdún 2023 jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 40. Wọ́n tún ilé náà kọ́ láti ìpìlẹ̀, iná àti òjìji rẹ̀ ga, síbẹ̀ tí ẹ bá súnmọ́ ògiri ẹ ó rí i pé àwọn àmì onígun mẹ́rin àtijọ́ ni wọ́n fi kùn ún. Èyí fẹ́ kọ̀ǹpútà tó ní káàdì gíráfíìkì tirẹ̀. Ó ti dé orí àwọn ẹ̀rọ PlayStation àti Xbox láti ọdún 2024.

Quake II

Kí n sọ òtítọ́ kan síwájú: àwọn Strogg inú Quake II kì í ṣe ẹ̀rọ pọ́ńbélé. Ẹran-ara tí a dì mọ́ irin ni wọ́n, ẹ̀yin sì ni ọmọ ogun tí ayé rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì wọn láti dá ogun wọn padà. Mo fi í kún un nítorí pé ó fi ohun tí ìjọba ẹ̀rọ lè ṣe fún ara ènìyàn hàn ju àwọn yòókù lọ. Nínú ẹ̀wọ̀n ibẹ̀, ẹ ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tí orí wọn ti dàrú, tí wọ́n ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pa àwọn.

Ti ìjà, kò sí èyí tó rọrùn láti wọ̀ bíi rẹ̀. Ìbọn rẹ̀ wúwo lọ́wọ́, ìró rẹ̀ dùn, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá géèmù ìbọn rí yóò mọ ohun tí ó yẹ ní ìṣẹ́jú kan. Id Software ṣe é lọ́dún 1997. Ẹ̀dà àtúnṣe rẹ̀ tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 kò ju nǹkan bíi dọ́là 10 lọ, ó sì kó àwọn àfikún àtijọ́ méjèèjì, ẹ̀dà ti Nintendo 64, àti apá tuntun kan tí ilé-iṣẹ́ MachineGames kọ́ sínú àpò kan náà. Ó ní atọ́nà tó ń fi ọ̀nà hàn ẹni tó bá sọnù, a lè fi ibi tí a dé pamọ́ nígbàkígbà, ènìyàn mélòó kan sì lè pín ojú tẹlifíṣọ̀n kan láti gbá a pọ̀. Tí a bá fi owó wọn iye wákàtí ìgbádùn, kò sí èyí tó tó o.

Turbo Overkill

Ìlú Paradise ni èyí, iná aláràbarà lórí ilé gogoro, ọgbọ́n àtọwọ́dá kan tí ń jẹ́ Syn sì ti wọ àwọn ará ìlú náà lára bí àrùn. Johnny Turbo tí ẹ ó jẹ́ ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ní ẹsẹ̀, ẹ ó sì máa fi ẹsẹ̀ náà yọ̀ lọ sílẹ̀ láti gé àwọn ọ̀tá kọjá. Ìyẹn ti sọ gbogbo ohun tí ẹ nílò láti mọ̀ nípa ìṣesí rẹ̀. Ó parí ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nǹkan bíi dọ́là 25 ni, ó sì wúwo fún kọ̀ǹpútà ju ìrísí rẹ̀ lọ. Àwọn ìpele ẹ̀yìn gùn gan-an. Syn wà, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù rẹ̀ rí; ariwo ibẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀rù ráyè.

ULTRAKILL

Níhìn-ín, ẹ̀rọ ti borí tán, ẹ̀yin sì ni ẹ̀rọ náà. Ọmọ ènìyàn ti parẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni epo tó kù, V1 tí ẹ jẹ́ sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀run àpáàdì láti wá a. Ìlànà ìgbá rẹ̀ bá ìtàn yìí mu pátápátá: àpótí ìwòsàn kì í sábà sí, àfi kí ẹ súnmọ́ ọ̀tá títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi ta sí yín lára. Ojo kò lè gbá a. Ẹ lè ju owó irin sókè kí ẹ yìnbọn lù ú kí ọta náà fi ibẹ̀ yà sí orí ẹni tó sápamọ́, ẹ sì lè fi ẹ̀ṣẹ́ dá ọta ọ̀tá padà sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí owó irin náà ṣiṣẹ́ fún mi, mo dìde lórí àga.

Arsi Patala, ọmọ ilẹ̀ Finland tí wọ́n ń pè ní Hakita, ni olórí iṣẹ́ náà, New Blood sì ni ó ń gbé e jáde. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n ti ń tà á lórí Steam bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ, nǹkan bíi dọ́là 25, ìpele tuntun sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ gbé e, a sì tún lè mú àwòrán rẹ̀ rí wúruwùru sí i bí a bá fẹ́. Ìkùnà rẹ̀ ní òṣùwọ̀n karùn-ún nìyí: bí iná bá lọ láàárín ìpele, ìpele náà lọ nìyẹn, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkè. Àwọn ìpele rẹ̀ kò gùn púpọ̀, èyí ló dín ìbínú kù. Ẹ̀dà ìtọ́wò ọ̀fẹ́ wà. Ẹ gbá ìyẹn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí nípa Descent ti ọdún 1995, tí àwọn róbọ́ọ̀tì ti gba ibi ìwakùsà inú rẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tó ń dorí kodò láìdúró ni a wà níbẹ̀, òòyì tí ó sì kọ́ mi kò jẹ́ kí n lè fi sùúrù ṣèdájọ́ rẹ̀.

Èwo ni ti ta

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti dàgbà, tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là 10 lọ, tí ó sì ń fẹ́ ìbọn lásán lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, kí ó ra Quake II. Iye owó kan náà ni Enhanced Edition ti System Shock, nítorí náà sùúrù ni yóò pín ọ̀nà wọn: bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń ka lẹ́tà dé ìsàlẹ̀, tí ìwé àjákọ kò sì sú yín, System Shock ni. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbára, tí kò sì lè fara da ìdarí ọdún 1994, kí ó dúró de ẹ̀dínwó ẹ̀dà àtúnkọ́ náà. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò fẹ́ràn rẹ̀ kò yẹ kó san dọ́là 40 lé e, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ti fẹ́ràn rẹ̀, ó níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárín àwọn ti òde òní méjèèjì, ULTRAKILL ni mo máa ń mú, àfi tí ó bá jẹ́ pé ìtàn tó ti parí ni ẹ ń fẹ́, tí kọ̀ǹpútà yín sì lágbára; nígbà náà, Turbo Overkill. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò yá kò gbọdọ̀ sá fún ULTRAKILL ní tìtorí ìyẹn, nítorí àyè wà nínú rẹ̀ láti dín eré géèmù náà àti ìpalára rẹ̀ kù.

Future Shock jẹ́ ti ẹni kan ṣoṣo: ẹni tó fẹ́ rìn nínú ìlú tí ẹ̀rọ ti ṣẹ́gun, tí kò sì kọ̀ láti fi ọjọ́ Sátidé kan tún DOSBox ṣe. Kí onítọ̀hún wá CD SkyNET pọ̀ mọ́ ọn, kí ó sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ara CD méjèèjì ṣì dán láìní ìlà kó tó sanwó.